Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Òwò Tó Kọ Iṣẹ́ Ìwádìí Àṣekágbá

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọjà ni yóò parí sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò ní yunifásítì kan. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó máa bá mi kọ pùrójẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́nu géètì wa tó ń gba ₦80,000, àmọ́ mo rò pé ẹ̀yin lè mọ ẹni tí yóò gbà á ní owó pọ́ọ́kú."

Mo bi í léèrè àkòrí iṣẹ́ náà. Ó ní ipa tí ìwúrí òṣìṣẹ́ ń kó nínú ìtẹ̀síwájú ilé iṣẹ́ ni, àti pé báǹkì kan ní Èkó ni òun yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní, "Ṣé o ti dé báǹkì náà rí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ta ló ń lọ síbẹ̀?"

N kò lè bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á, nítorí èmi náà ní ohun tí mo ti ṣe sẹ́yìn.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òwò. Ó ku ọjọ́ méjì péré kó kó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù ìbéèrè 120 tó tẹ̀ sì wà nílẹ̀ gbalaja, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwa mẹ́rin la jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà. A pín bírò aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ pupa mọ́ ara wa lọ́wọ́, kí ìkọ̀wé má baà jọra. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá di ìyá aláṣọ ẹni ọdún 45, mo di opó, mo di baba onísìmẹ́ǹtì. Níbì kan mo gbà gidigidi, níbòmíràn n kò gbà rárá. Kí aago méjì òru tó lù, odidi ọjà kan ti ti inú yàrá wa jáde. Ọ̀rẹ́ mi gba máàkì tó dára. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa àwọn ènìyàn náà.

Ìwé náà wọ ilé ìkàwé ẹ̀ka wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá ṣí i lónìí, yóò kà á pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníṣòwò ló sọ báyìí, yóò sì kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Àwa mẹ́rin la sọ ọ́. Irọ́ tí a fi ẹnu pa lè tán nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ṣírò, tí a dì bí ìwé, a máa bímọ. Ẹni tó bá jìn sí kòtò a máa kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nínú orúkọ oyè

Ọ̀pọ̀ wa tó jáde ní yunifásítì ní Nàìjíríà ló ní ọ̀rọ̀ náà Honours nínú orúkọ oyè wa, tí a kò sì bi ara wa léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Iyì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà, ọdún ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́ta gba oyè àkọ́kọ́. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá dára tó a wá lo ọdún kan sí i, kó lè kọ́ bí a ti ń ṣe ìwádìí, kó sì ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ní Scotland, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba oyè oníyì, iṣẹ́ ìwádìí náà sì sábà máa ń wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún un. Àárín kíláàsì, ìdánwò àti ìpalẹ̀mọ́ àgùnbánirọ̀ ni a há a sí. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ló ń jẹ́, ohun kan náà ló sì ń bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kó lè bèèrè ohun tí kò mọ̀, kó wá ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kó sì sọ ohun tó bá rí, ì báà dùn, ì báà korò.

Ta ló ti kọ́ wọn ní èyí kí ọdún kẹrin tó dé? Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi ń há nǹkan sórí. Wọ́n á sọ fún un pé Henri Fayol, ará Faransé, pín iṣẹ́ alákòóso sí ọ̀nà márùn-ún. Ọmọ náà á há a, á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, á sì gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ Fayol fúnra rẹ̀ kò há a sórí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwakùsà ni, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kọ jáde ní 1916. A kọ́ ọmọ ní èsì iṣẹ́ Fayol, a kò kọ́ ọ bí Fayol ti ṣe rí i.

Nígbà tó bá wá di ọdún kẹrin, a ó sọ fún un lójijì pé kó lọ ṣe ìwádìí. Ẹni tí a kò kọ́ ní ìwẹ̀ odò, tí a wá tì sínú omi, igi yòówù tó bá léfòó ló máa dì mú. Ẹni tó ń gba ₦80,000 lẹ́nu géètì ni igi tó léfòó yẹn. N kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ẹni tó ń ra iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Mo sọ fún àbúrò mi pé kó gbé ọ̀rọ̀ báǹkì Èkó tì ná. Mo ní, "Kí ni Àǹtí ń tà?"

"Ata àti tòmátì ni, ní Bódìjà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀."

"Ta ló ń bá wọn tọ́jú owó ọjà?"

"Alájọ ni. ₦1,000 ni wọ́n ń dá lójoojúmọ́."

"Bí oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ bá pé, èló ni alájọ ń kó fún wọn?"

Ó ṣírò rẹ̀ díẹ̀. "₦29,000. Ti ọjọ́ kan ni owó iṣẹ́ alájọ."

"Ṣé wọn kò ní àkáǹtì ní báǹkì ni?"

"Wọ́n ní in. Èmi gan-an ni mo bá wọn gbé e sórí fóònù."

Mo ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Báǹkì ní òun yóò fi èlé díẹ̀ kún owó ẹni tó bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Àǹtí ní báǹkì nínú àpò wọn, síbẹ̀ wọ́n ń san ₦1,000 lóṣù fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú owó ara wọn. Kí ló fà á?"

Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò mọ̀ o, Bọ̀dá mi."

Mo ní, "Ó tán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó mú wá kì í ṣe ìbéèrè. Ta ni yóò retí kí ìdáhùn jẹ́ pé ìwúrí kò wúlò fún òṣìṣẹ́? Ẹni tó bèèrè ti mọ ìdáhùn kó tó ya ẹnu, fọ́ọ̀mù kàn jẹ́ ẹ̀rí tó fẹ́ tò sídìí rẹ̀ ni. Ìbéèrè tó yẹ iṣẹ́ àṣekágbá ní àmì mẹ́rin. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń bèèrè kò mọ ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Ìkejì, ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó wà lápò rẹ̀ àti oṣù díẹ̀ tó kù. Ìkẹta, bó bá rí ìdáhùn, yóò wúlò fún ẹnìkan: òǹtajà, alájọ, tàbí báǹkì tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń sá fún un. Ìkẹrin, ó lè já sí ibi tí kò rò. Àkòrí tí kò bá lè já ẹni tó ń ṣe é ní irọ́, kó fi í sílẹ̀.

Àwọn tó ti rìn ọ̀nà náà ṣáájú

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ jù ni orí kejì, níbi tí a ti ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣíwájú. Bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é ni pé Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò sọ bẹ́ẹ̀, títí ogún ojú ewé yóò fi kún, tí a kò ní mọ ohun tí ẹni tó ń kọ̀wé fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ alájọ yẹn dán an wò. Àlùfáà Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lórí èésú, ó sì jáde ní 1952. Ní 1962, Clifford Geertz fi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà wéra. Ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí di òní, orúkọ tí àwọn onímọ̀ so mọ́ èésú tiwa. Ní ìlú Vijayawada ní Íńdíà, Stuart Rutherford pàdé obìnrin kan tó ń rìn kiri gba rúpì 5 lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá a nígbà 220, tó jẹ́ 1,100, rúpì 1,000 ni obìnrin náà ń dá padà. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n alájọ Bódìjà nìyẹn!

Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà yóò tètè rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Nínú èésú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a dá owó jọ, ẹnìkan a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kan, títí yóò fi kárí. Lọ́dọ̀ alájọ ojoojúmọ́, owó ara ẹni ni oníkálùkù ń gbà padà, lẹ́yìn tí alájọ bá ti yọ tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣìnà láti orí kìn-ín-ní.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá kà: Kí ni ẹni yìí fẹ́ mọ̀? Ọ̀dọ̀ ta ló ti wá a? Ibo ni kò dé? Nígbà tí Bascom ń kọ tirẹ̀, kò sí báǹkì nínú fóònù. Kò lè bèèrè ìdí tí ẹni tó ní báǹkì lọ́wọ́ fi ń dúró de alájọ. Àlàfo tí àbúrò mi lè dí nìyẹn, kò sì ní láti purọ́ kó tó rí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n wà lórí fóònù gbogbo wa. Wọ́n lè la ojú ewé tó ta kókó yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa hun orúkọ ìwé tí kò sí láyé, pẹ̀lú ọdún tó jáde àti orúkọ òǹkọ̀wé. Ìwé tí o kò bá ṣí fúnra rẹ, má kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ.

Gbèsè, àwìn àti ẹ̀yáwó

Ibi tí iṣẹ́ tèmi gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti wúlò nìyí. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n ń gbé wọ ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí òǹtajà kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ á máa túmọ̀ rẹ̀ bó ti bọ́ sí i lẹ́nu. Láàárọ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ báyìí. Lọ́sàn-án, ó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá ń ka ìdáhùn pọ̀, ìdáhùn ìbéèrè méjì ló ń kà bí ẹyọ kan.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà credit. Kí ni a ó pè é lójú ọjà? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi ìyá aláta pé, "Màmá, ṣé ẹ jẹ gbèsè?", wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bẹ́ẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta tó wà níwájú wọn, àwìn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti òkè Ọya, bí ọjà bá tà ni wọn yóò san án. Wọn kò purọ́. Gbèsè létí wọn ni owó tó ti pẹ́, tó ti di ìtìjú. Àwìn jẹ́ ọjà tí a gbà ṣáájú owó. Ẹ̀yáwó jẹ́ owó tí a lọ yá, pẹ̀lú èlé tàbí láìsí èlé. Èyí tí alájọ ń fún ènìyàn kí oṣù tó pé tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí àjọ tirẹ̀ ni yóò fi dí i. Ohun mẹ́rin nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bèèrè wọn.

Nítorí náà, kí a kọ ìbéèrè sílẹ̀ ní Yorùbá ṣáájú, ní gbólóhùn kan náà tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e fún ọ̀rẹ́ tí kò tíì rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kó túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí èyí tó mú wá bá yàtọ̀ sí èyí tí a ní lọ́kàn, ìbéèrè wa ló lábùkù. Kí a sì fi lọ ènìyàn bí i mẹ́wàá kó tó di pé a tẹ 200 jáde.

Bí a ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ owó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. "Èló ni ẹ ń jèrè lóṣù?" kì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń bi àgbà níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ka èrè ní oṣooṣù. Ṣùgbọ́n "Apẹ̀rẹ̀ mélòó ni ẹ tà lánàá, èló ni ẹ rà á, èló ni ẹ sì tà á?" jẹ́ ohun tí wọ́n lè dáhùn láìronú púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe ìṣirò èrè fúnra rẹ̀ nígbà tó bá délé.

Ènìyàn mélòó ni a ó bi?

Ṣírò tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òwò ń lò ni ti Taro Yamane. Wọ́n á kọ ọ́ sínú orí kẹta, wọn kò sì mọ ohun tó ń sọ. Ká ní òǹtajà 400 ló wà nínú ọjà kan, a sì gba àṣìṣe ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún láàyè. 0.05 lọ́nà 0.05 jẹ́ 0.0025. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 400, ó di 1. A fi 1 kún un, ó di 2. A pín 400 sí ọ̀nà 2, ó di 200. Ènìyàn 200 ni a ó bi.

Ìṣirò yẹn kò le. Èyí tó le ni ibi tí 400 ti wá. Ṣé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ni, àbí a kàn fojú bù ú? Báwo ni a ó sì ṣe mú 200 náà? Bó bá jẹ́ àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan la bi, kì í ṣe ọjà la bi, ẹnu ọ̀nà la bi. Bí ìwé orúkọ bá wà, a lè ṣẹ́ kèké láti mọ̀ bóyá orúkọ kìíní tàbí ìkejì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa fo ẹnì kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Bí ìwé orúkọ kò bá sí, kí a sọ bí a ti ṣe yan àwọn tí a bi, kí òǹkàwé lè mọ bí yóò ti gbẹ́kẹ̀ lé e tó.

Bí fọ́ọ̀mù 163 bá padà nínú 200, ẹ jọ̀wọ́, 163 ni kí ẹ kọ. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú 37 tí a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kọ.

Ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni fọ́ọ̀mù lè dáhùn. Rensis Likert, ẹni tó gbé ọ̀nà àtimáa bèèrè bí ènìyàn ti gbà tàbí kò gbà tó kalẹ̀ ní 1932, fẹ́ fi í díwọ̀n èrò ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a ń wá bá jẹ́ ìdí tí Àǹtí fi ń dúró de alájọ, ó lè jẹ́ pé kí a jókòó ti ènìyàn 12, kí a fetí sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ló máa sọ òótọ́ fún wa ju 200 àmì lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bá olùkọ́ alábòójútó rẹ̀ sọ ọ́, kó sì ní ìdí tó fi yàn án.

Ìwà nínú ìwádìí

A kì í wọ ọjà lásìkò tí ọjà ń yá kí a máa bi ènìyàn ní ìbéèrè ogún. Kí a lọ kí Ìyálọ́jà tàbí olórí ìsọ̀ ṣáájú, kí a sọ ilé ẹ̀kọ́ tí a ti wá, kí a sì jẹ́ kó yé wọn pé a kì í ṣe agbowó orí. Kí a gba ìyọ̀ǹda kí a tó tẹ fóònù láti gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò dáhùn, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a sì kọjá. Kí orúkọ wọn má hàn nínú ìwé, nítorí ohun tí Màmá sọ nípa owó wọn, àwọn ọmọ wọn gan-an lè má mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a padà lọ sọ ohun tí a rí fún wọn. Àwọn tó ń bèèrè pọ̀, àwọn tó ń padà wá kò tó nǹkan. Mo ti gbọ́ tí òǹtajà kan sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ kàn ń kó ọ̀rọ̀ wa lọ ni." N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Kí ọdún kẹrin tó dé

Bí ẹ bá ní àbúrò ní ọdún kìn-ín-ní, ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, kó máa kọ ohun kan tó yà á lẹ́nu nípa òwò sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìdí tí ìyá oníbúrẹ́dì kan fi ń tà ju ẹnì kejì lọ, ìdí tí awakọ̀ fi ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ní ọdún kejì, kó ka àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lóṣù, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnìkan nílé ní Yorùbá. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì yé e. Ní ọdún kẹta, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ wọn ní ọ̀nà ìwádìí, kó má há a sórí nìkan. Kó fi ìbéèrè márùn-ún lọ ènìyàn mẹ́wàá, kó kọ ojú ewé méjì lórí ohun tó rí. Ẹni tó bá ti ṣe èyí, orí márùn-ún ọdún kẹrin kò ní bá a lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ láàárín wa, ẹ bá wa bi wọ́n ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ ìgbèjà iṣẹ́: "Kí lo rí tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Ẹni tó ra iṣẹ́ lẹ́nu géètì kò ní rí i dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò mi tún pè mí. Ó ní òun ti bi ìyá òun. Ohun tí Àǹtí sọ fún un ni pé, "Owó tó bá wà nínú fóònù, gbogbo yín lẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ké sí mi, mo máa fi ránṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ alájọ, mo lè sọ láìparọ́ pé kò sí lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ."

Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Màámi máa dá àjọ kí ₦80,000 yẹn tó pé."

N kò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ó ní òun tún bi obìnrin kejì tó wà ní ìsọ̀ kejì, tòun ní ti òun kì í ṣe nítorí ọmọ. Alájọ ń yá òun lówó kí oṣù tó pé, báǹkì kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Ìdáhùn méjì ti yàtọ̀ síra nìyẹn. Olùkọ́ alábòójútó rẹ̀ ti dá àkòrí náà padà lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣì fẹ̀ jù. Àbúrò mi ń ráhùn, ó ní òun kò sùn dáadáa mọ́. Mo sọ fún un pé bó ti máa ń rí nìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ àṣekágbá tiyín kọ́ yín, kí lẹ sì bá nínú rẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ kọ̀wé sí mi. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ẹlẹ́dàá bá dá wa sí.